Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun àti Ẹ̀gẹ́ Ilé Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, gààrí ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ìdí nìyí tí ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun fi kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì ni. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i, ó sì ṣaláìsí ní 1995. Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Ó kọ ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ, pàápàá lórí àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ kú, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Ní 1968, ó kọ nípa rẹ̀ nínú jọ́nà Brain. Ẹ̀gẹ́ tí májèlé sáyánáìdì kò tíì kúrò lára rẹ̀ ló fura sí.

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn tọ́ka sí iṣẹ́ onímọ̀ kan nìkan ni iyì rẹ̀. Àmọ́ ní 2000, àwọn olùwádìí mìíràn tẹ àbájáde tiwọn láti Ososa, ìlú Hubert Ògúndé, lẹ́bàá ilé wa. Nínú ènìyàn 3428 tí wọ́n yẹ̀ wò, 206 ló ní àìsàn náà. Nígbà tó di 2003, wọ́n ní sáyánáìdì kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n tako Ọ̀ṣuntókun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ló fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká máa ka ìtọ́kasí, kí a má sì gbàgbé àwọn 206 náà.