Rose Johnstone: Ẹni Tó Tú Àpò Sẹ́ẹ̀lì Wò

Ẹ̀yin ará kíláàsì, ẹni tó bá gba Mile 12 kọjá lálẹ́ tó bá àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìdọ̀tí ló máa pè é, àfi tí àpò bá já tí tàtàṣé dà síta. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀pọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń wo àwọn àpò bíńtín tí sẹ́ẹ̀lì ń tì síta, kó tó di pé obìnrin yìí yẹ̀ wọ́n wò dáadáa.

Ìlú Łódź, ní Poland, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1928, ìdílé Júù. Lọ́dún 1936 wọ́n kó lọ sí Kánádà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà làwọn ọmọ ogun Hitler wọ Łódź, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ Júù ibẹ̀. Ká ní wọn ò tètè kúrò ńkọ́? Yunifásítì McGill, ní Montreal, ló ti gboyè dókítà ní 1953, ibẹ̀ náà ló ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ẹ̀ka bayokẹ́mísìrì.

Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló fi ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kò tíì gbó nílò irin, purotéènì kan sì wà lára awọ rẹ̀ tó ń ṣe bí ọwọ́, tó ń gba irin náà wọlé. Tí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbó, ọwọ́ yẹn á pòórá. Níbo ló gbà lọ? Ní 1983, Johnstone àti Bin-Tao Pan bá a níta, lódindi, lára àwọn àpò bíńtín. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fa ọwọ́ náà sínú àpò ńlá kan. Ara àpò ńlá yìí á tẹ̀ wọnú, á já di àpò kéékèèké nínú rẹ̀. Àpò ńlá á wá lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, á ya ẹnu, á da gbogbo wọn síta. Àwọn kan ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà, náà rí irú ẹ̀ lọ́dún yẹn. Ní 1987, Johnstone àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é ní exosome.

Ó pẹ́ káwọn èèyàn tó kà á sí. Nígbà tó di 2007, wọ́n rí i pé àpò yìí tún ń gbé RNA láti sẹ́ẹ̀lì kan dé òmíràn. Johnstone kú ní 2009, nígbà tí àwọn kan nínú wa ní SS2 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Kétu o, torí fòníkú-fọ̀ladìde. Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó ní SS kì í pẹ́ láyé, nítorí náà èyí tí kò tíì gbó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn àpò bíńtín tí sẹ́ẹ̀lì pupa ń tú síta náà sì ń pọ̀ níbẹ̀ ju tàwa yòókù lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń tú wọn wò, láti mọ ipa tí wọ́n ń kó nínú ìrora yẹn.