ANNA JARVIS, OBÌNRIN TÍ Ó DÁ ỌJỌ́ ÌYÁ SÍLẸ̀

Bí Ọjọ́ Ìyá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ àti ti ohun jíjẹ ni a sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. N kò sọ pé ó burú. Èmi náà ń ra aṣọ. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ ríra àti títà ọjọ́ yìí jà títí owó rẹ̀ fi tán, tí ìlera rẹ̀ sì bàjẹ́, òun kan náà ni ó sì dá ọjọ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Orúkọ rẹ̀ ni Anna Jarvis.

A kò lè sọ ìtàn rẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ti ìyá rẹ̀, Ann Reeves Jarvis. Ọmọ àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì ni ìyá yìí; ọdún 1832 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó bí ju ọmọ mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni ó dàgbà. Àìsàn ni ó kó àwọn yòókù lọ. Abiyamọ tí ó bá ti sin ọmọ rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Obìnrin yìí kò jókòó ti ẹkún. Ní ọdún 1858, ó kó àwọn ìyá jọ ní ìlú Grafton àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dáwó ra oògùn fún aláìní, wọ́n ń yẹ mílíìkì wò kí ọmọdé tó mu ún, wọ́n ń kọ́ àwọn aládùúgbò ní ìmọ́tótó. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá dá ìyá kan wó, wọ́n á wá ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú ilé.

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1861, ààlà gan-an ni agbègbè wọn bọ́ sí. Àwọn ará ilé kan ń bá Àríwá jà, àwọn ará ilé kejì ń bá Gúúsù. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá yìí kọ̀, wọn kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọmọ ogun tí ó bá ti ń ṣàìsàn ni wọ́n ń tọ́jú, aṣọ yòówù tí ó bá wọ̀. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1868, ó pe àwọn ìdílé ìhà méjèèjì sí ọgbà ilé ẹjọ́ ní Pruntytown. Ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà ìlú pé ìjà yóò bẹ́. Omijé ni ó bẹ́, wọ́n sì dì mọ́ra wọn.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Anna sí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ọdún 1864, ní abúlé Webster nítòsí Grafton. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Andrews. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1876, nígbà tí Anna jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ẹ̀kọ́ nípa àwọn ìyá inú Bíbélì ni ìyá náà kọ́ wọn. Bí ó ti ń parí, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé ẹnì kan dìde tí yóò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn ìyá. Ó ṣe àmín, ó ṣí ìwé rẹ̀ dé, ó lọ sílé. Ọmọ tí ó jókòó níbẹ̀ kò gbàgbé.

Anna lọ sí ilé-ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin ní Staunton, ó sì padà wá ṣe olùkọ́ ní Grafton. (Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á pé tíṣà ni òun náà.) Nígbà tí ó yá, ó kọjá sí ìlú ńlá Philadelphia, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sípò olóòtú ìpolówó níbẹ̀. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1902, ìyá rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, ọdún 1905, ìyá náà sùn nínú Olúwa. Létí sàréè ni Anna ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àdúrà ọjọ́ yẹn yóò ṣẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà. Ó kọ sí àwọn gómìnà, sí àlùfáà, sí àwọn oníwèé ìròyìn, sí àwọn ọlọ́rọ̀. Oníṣòwò ńlá kan ní Philadelphia, John Wanamaker, tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, ọdún 1908, wọ́n ṣe Ọjọ́ Ìyá àkọ́kọ́ ní ìjọ Andrews. Anna fúnra rẹ̀ kò lè lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ wáyà sí wọn, ó sì fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) òdòdó funfun ránṣẹ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní carnation, tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Àlàyé tí ó ṣe lórí òdòdó náà wọ̀ mí lọ́kàn: bí ó bá ń kú, kì í gbọn ewé rẹ̀ dànù, ńṣe ni ó ń ká a mọ́ àyà, gẹ́gẹ́ bí ìyá ti ń ká ọmọ mọ́ àyà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, èrò wọ́ dé ilé-ìtajà Wanamaker ní Philadelphia, wọ́n pọ̀ ju ibi tí àyè gbà lọ.

Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1914, Ààrẹ Woodrow Wilson kéde Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Karùn-ún fún gbogbo Amẹ́ríkà. Àwa tí ìjọ wa ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe tiwa, tí à ń pè ní Mothering Sunday. Àṣà àtijọ́ ni èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti ń kú lọ. Obìnrin kan níbẹ̀, Constance Penswick Smith, ka nípa akitiyan Anna nínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1913, ìyẹn ni ó mú kí ó dìde láti jí i. Nítorí náà, ọwọ́ Anna wà nínú tiwa pẹ̀lú.

Kí ni Anna fẹ́ kí á máa ṣe ní ọjọ́ náà? Kí á lọ sí ilé Ọlọ́run. Kí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nítòsí lọ kí i, kí ẹni tí tirẹ̀ jìnnà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i. Kí á fi òdòdó funfun sí àyà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àmì kékeré kan ni ó ń fi hàn bóyá ìyá kan ni ó ni ọjọ́ náà tàbí ìyá púpọ̀. Anna kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí àmì náà nípò. Ó ní ìyá kan ṣoṣo ni, ìyá tí ó bí ọ. Èmi tí mo fi bírò pupa lé irú àmì bẹ́ẹ̀ kiri inú ìwé àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ṣùgbọ́n ọjà ti gbọ́. Àwọn olódòdó gbówó lé òdòdó funfun, nígbà tí kò sì kárí mọ́, wọ́n ní kí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láàyè máa fi pupa, kí funfun jẹ́ ti ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àwọn oníkáàdì tẹ káàdì jáde, àwọn oníṣúìtì ṣe páálí aláràbarà. Inú bí Anna. Ó ní ọ̀lẹ tí kò lè kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ni ó ń ra káàdì tí ẹlòmíràn ti kọ. Ní ọdún 1923 ó já wọ ìpàdé àwọn oníṣúìtì ní Philadelphia láti takò wọ́n. Ní ọdún 1925, níbi ìpàdé àwọn ìyá ológun tí wọ́n ń ta òdòdó kówó jọ, ọlọ́pàá mú un pé ó ń da ìlú rú. Wọ́n tún sọ pé ó wọ ilé oúnjẹ kan, ó rí i pé wọ́n ń ta sàláàdì Ọjọ́ Ìyá, ó rà á, ó dà á sílẹ̀, ó sanwó, ó sì jáde.

N kò lè dá a láre nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń fi ọjọ́ náà dáwó fún àwọn ìyá aláìní, ó bá wọn jà pẹ̀lú. Kò yọ Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ, sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ìyá tirẹ̀ fi ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ìyá ń wá bí ọmọ aláìní yóò ṣe yè. Ọmọ ń wá bí a ó ṣe bu ọlá fún ìyá. Mo rò pé ìyá ìbá ti bá a wí. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá rántí pé obìnrin yìí kò gba kọ́bọ̀ lórí ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń pawó, n kì í lè pẹ́ bá a bínú.

Ẹjọ́ àti akitiyan jẹ owó rẹ̀ tán. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ojú rẹ̀ fọ́ ni wọ́n jọ ń gbé ilé kan ní Philadelphia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ó ń wá ìbùwọ́lùwé àwọn ènìyàn kí ìjọba lè fagi lé Ọjọ́ Ìyá pátápátá. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn ní West Chester. Wọ́n ní lára owó ìtọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, àwọn olódòdó àti oníkáàdì ni ó ń san án, òun kò sì mọ̀.

Ó kú ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kọkànlá, ọdún 1948, ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ilé ìjọ Andrews ṣì wà ní Grafton títí di òní, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi ìrántí Ọjọ́ Ìyá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n sin Anna sí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ní ibi ìsìnkú West Laurel Hill nítòsí Philadelphia.