Oswald Boelcke: Òfin mẹ́jọ ló kọ fáwọn awakọ̀ ogun òfurufú, rírú ìkẹjọ ló gbẹ̀mí ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo fíìmù ogun, ẹ ò ní ṣàì ti gbọ́ orúkọ Red Baron rí, ìyẹn Manfred von Richthofen, ọmọ Jámánì tó fi ìbọn já bàálù 80 bọ́ látòkè nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Oswald Boelcke lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà tó kú, bàálù tóun náà sì ti já bọ́ ti pé 40.

Oṣù karùn-ún ọdún 1891 ni wọ́n bí i, nítòsí ìlú Halle. Tíṣà ni bàbá ẹ̀. Láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá a fínra, ẹni tó bá rí i nígbà yẹn ò lè rò pé irú ẹ̀ ló máa di jagunjagun. Ṣùgbọ́n ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń gun òkè, títí ara ẹ̀ fi le. Lọ́dún 1911 ló wọṣẹ́ ṣọ́jà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1914, bí ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, ló yege nínú ìdánwò awakọ̀ òfurufú.

Iṣẹ́ amí ni wọ́n ń fi bàálù ṣe nígbà yẹn. Ọdún 1915 ni nǹkan yí padà, nígbà tí bàálù Fokker dé. Wọ́n so ìbọn arọ̀jò-ọta mọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá wà lẹ́nu ìbọn, ìbọn á dákẹ́; bí abẹ̀bẹ̀ bá ti kọjá, ọta á jáde. Ohun tó kù fún awakọ̀ ni kó dojú bàálù fúnra ẹ̀ kọ ẹni tó fẹ́ pa. Boelcke àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Max Immelmann ló kọ́kọ́ fi í gba orúkọ ńlá. Ní January 1916, tí kálukú wọn ti já bàálù mẹ́jọ bọ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba Pour le Mérite, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún ọ̀gá ṣọ́jà.

Àmì ẹ̀yẹ míì tún wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí mi ò fẹ́ fò dá. Nítòsí ìlú Douai ní Faransé, lábẹ́ ìjọba àwọn ọmọ ogun Jámánì, ọmọdékùnrin Faransé kan já sómi lóṣù kẹjọ ọdún 1915. Boelcke bẹ́ sódò tòun taṣọ, ó sì gbé e jáde. Ọmọ ọ̀tá ni o.

Nígbà tí Immelmann kú lóṣù kẹfà ọdún 1916, Káísà ò fẹ́ kí Boelcke tẹ̀lé e, ló bá ní kó má fò mọ́ fúngbà díẹ̀. Àsìkò yẹn ló kọ òfin mẹ́jọ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ akin á ṣe kàyéfì, torí sùúrù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kó o tó kọlu ẹnikẹ́ni, rí i pé ọwọ́ ẹ ló ròkè, kí oòrùn sì wà lẹ́yìn ẹ. Ẹni tí mọ́tò bá tan iná fúlù sí lójú rí mọ ìdí ẹ̀: ẹni tó kọjú sóòrùn ò ní rí ẹ títí wàá fi dé. Má yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn. Sún mọ́ ọn, kó kún ojú ẹ, kó o tó tẹ ìbọn.

Èyí tó le jù lójú tèmi ni ti ẹni tí wọ́n já lù látòkè. Ara á ní kó o sá. Boelcke ní rárá, yí padà kó o dojú kọ ọ́, torí ẹ̀yìn ẹ gan-an ló ń wá. Ó tún ní tó o bá wà lókè ilẹ̀ ọ̀tá, má gbàgbé ọ̀nà ilé. Richthofen gbàgbé èyí ní April 21, 1918: ó lé ọmọ tuntun kan wọ ààlà ọ̀tá, ó fò wálẹ̀ jù, ibẹ̀ ló kú sí.

Òfin tó gbẹ̀yìn ní kí wọ́n máa jáde ní mẹ́rin tàbí mẹ́fà, àmọ́ tí ìjà bá pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀pọ̀ má dà bo ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n tún gbà kó jà, wọ́n fún un ní ikọ̀ tuntun, Jasta 2, kó fúnra ẹ̀ ṣa àwọn tó máa bá a ṣiṣẹ́. Ó mú Richthofen. Ó tún mú Erwin Böhme, ẹni ọdún 37, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Bàálù tuntun ò tíì pé, torí náà òun nìkan ló ń jáde lówùúrọ̀. Tó bá dé, àgbọ̀n ẹ̀ làwọn ọmọ máa ń wò. Tí èéfín ìbọn bá ti sọ ọ́ di dúdú, wọ́n mọ̀ pé ó ti bá ẹnì kan jà. Ní September 17, 1916, ó kó wọn jáde, Richthofen sì já bàálù ẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́. Ọmọ Bírítéènì méjì ló wà nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì kú. Iye tí wọ́n ń kà yẹn, èèyàn ni o.

October 28 ni wọ́n pàdé bàálù Bírítéènì méjì. Boelcke àti Böhme jọ ń lé ọ̀kan. Èkejì, tí Richthofen ń lé bọ̀, gé wọn níwájú lójijì. Àwọn méjèèjì yà, ṣùgbọ́n apá bàálù ò jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Táyà Böhme fara kan apá òkè bàálù ọ̀gá ẹ̀. Kò le rárá. Àmọ́ apá yẹn já, bàálù sì wọnú ìkúùkù lọ.

Àwọn kan á ní ẹni tó gé wọn níwájú ló fà á. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń lé ọkùnrin yẹn ni, táyà wo ni ì bá kan apá ta ni?

Richthofen ló gbé àwọn àmì ẹ̀yẹ ẹ̀ níbi ìsìn òkú ní Cambrai. Àwọn Bírítéènì pàápàá fi bàálù ju òdòdó ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún un. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ikọ̀ náà, ó di Jasta Boelcke. Böhme ò rí ìtùnú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Lóṣù kẹjọ ọdún 1917, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ikọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí táyà ẹ̀ pa. Ó wà níbẹ̀ títí di November 29, nígbà tí wọ́n já tiẹ̀ náà bọ́.