Ìtàn Ayé Fẹlá, àti Alẹ́ Tí Bàbá Mi Pa Tẹlifíṣọ̀n

Wọ́n ní kí olúkúlùkù wa nínú Press Club kọ ìtàn ayé ẹnì kan tó lókìkí, tó sì ti kú tipẹ́. Kí n tó débẹ̀, ẹni mẹ́rin ti mú Awólọ́wọ̀. Èmi mú Fẹlá. Kì í ṣe pé mo mọ orin rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Bàbá mi ló pa tẹlifíṣọ̀n mọ́ mi lójú nígbà tí mo ń wò ó, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà.

Nígbà ọlidé ni. Iná wà ní Ayétòrò lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Mo ń yí tẹlifíṣọ̀n kiri, ni mo bá bọ́ sórí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tí wọ́n fi ń sọ ìtàn àwọn olórin, èyí tí wọ́n ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Mo fẹ́ràn wọn ju fíìmù àgbéléwò lọ, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tó ń ṣe bí ẹlòmíì nínú wọn. Olórin náà gan-an lẹ máa rí, tó ń làágùn, tó ń jẹun, tó ń bá àwọn ọmọ bándì rẹ̀ wí. Mo ti wo ti Bob Marley, mo ti wo ti Michael Jackson. Lọ́tẹ̀ yìí, Èkó ni mo rí, Èkó àtijọ́, pẹ̀lú gósìlóò rẹ̀. Mo wá rí ọkùnrin kan tó wọ pátá nìkan, tó jókòó láàárín èrò nínú ilé rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọba, tó fi ohun kan sẹ́nu tí gbogbo yín mọ̀ pé kì í ṣe sìgá.

Ní 1982 ni wọ́n ya fíìmù náà. Jean-Jacques Flori àti Stéphane Tchalgadjieff ló wá láti ilẹ̀ Faransé wá yà á, kò sì tó wákàtí kan. Èmi ò wò ó dé ìdajì. Bàbá mi wọlé láti ibi ìrun ìṣáà, ó dúró díẹ̀, ó mú rìmóòtù, ó pa á. Ó ní kí n lọ sùn, ó ní òun ò fẹ́ rí ọkùnrin yẹn nínú ilé òun mọ́.

Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, tàbí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni mo sọ fún un pé mo fẹ́ kúrò nídìí ìlù kékeré tí mo ń lù nínú bándì ilé ìwé, pé fèrè tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kọ́. Ó ní kí n sinmi. Fẹlá náà, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọn ò jẹ́ kí n wò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Mo bi màmá àgbà mi, mo kà nípa rẹ̀, mo sì wo fíìmù mìíràn nílé ọ̀rẹ́ mi kan, èyí tí Alex Gibney ṣe ní 2014, tí wọ́n pè ní Finding Fela. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Fẹlá, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, 1938. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ilé ìwé wa kọjá yìí náà lẹ máa tọ̀ débẹ̀. Tí ẹ bá wọ mọ́tò láàárọ̀, ẹ ti dé Láfẹ́nwá kí oòrùn tó mú. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí òun. Ó ní òun kọ́kọ́ wá ní 1935, wọ́n ní kí òyìnbó ajíhìnrere kan sọ òun lórúkọ, òyìnbó náà fún òun lórúkọ Jámánì, inú bí òun, òun sì padà síbi tí òun ti wá. Àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ àbíkú ò ní bá a jiyàn.

Ilé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ni ilé wọn. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, jẹ́ olórin ìsìn tó kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Bàbá tó bí i, Àlùfáà Israel Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ NUT tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Fẹlá kò fi bò pé pàṣán bàbá òun ò mọ ọmọ ẹni. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: ọmọ ààrẹ NUT ló gbé orin kan jáde ní 1986 tó pè ní Teacher Don't Teach Me Nonsense! Mo bẹ àwọn tíṣà wa, orin náà kì í ṣe tiyín o. Àwọn òyìnbó tó kọ́ wa ní ìṣèlú, àti àwọn olóṣèlú tó kọ́ ọ lọ́nà òdì, ló ń bá wí.

Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí pé ìyá yìí ò hàn tó nínú àwọn fíìmù tí mo wò. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lorúkọ rẹ̀. Nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, àní bí ọkọ wọn bá ti san. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ti ń san án, nígbà tí ọmọkùnrin ò ní san án àfi tó bá di 16. Ẹ̀yin ọmọbìnrin SS2, ẹ gbọ́ ṣá? Ìyá Fẹlá kó àwọn obìnrin jọ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn ìyàwó tíṣà. Ní ìparí 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 ló dúró sẹ́nu ààfin Aké. Màmá àgbà mi ní ẹ̀yìn ni òun wà nígbà náà. Ìyá wọn gbé èlùbọ́ láti Ayétòrò lọ sí Láfẹ́nwá, kò bá ẹni tí yóò rà á. Wọ́n ní gbogbo obìnrin ti lọ sí Aké. Ó gbé èlùbọ́ rẹ̀ padà wálé. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè, wọ́n sì gbé owó orí náà kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin. Ọba náà padà sórí oyè ní 1950. Ọmọ tó rí irú ìyẹn kí ó tó pé ọdún 12, ẹ fẹ́ kó bẹ̀rù ta ni?

Ní 1958, ilé rán Fẹlá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olíkóyè, bí àbúrò rẹ̀ Beko náà ṣe padà wá kọ́ ọ. Ó débẹ̀, ó gba Trinity College of Music lọ, ó ń kọ́ tọ́ńpẹ́ẹ̀tì. (Bàbá mi ò tíì mọ apá ibí yìí, mo fẹ́ràn kó rí bẹ́ẹ̀.) Ó dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì padà sílé ní 1963. Ó ṣiṣẹ́ ní rédíò ìjọba, iṣẹ́ ò gbà á. Orin tó ń kọ nígbà yẹn ò sì tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orin ìfẹ́ lásán pọ̀ nínú rẹ̀.

Amẹ́ríkà ló yí i padà. Ní 1969 òun àti bándì rẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n lo bí oṣù mẹ́wàá. Ó pàdé obìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sandra, tó wà nínú ìjà àwọn ènìyàn dúdú, tó fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà. Ẹ gbọ́, ó gba pé kí ọmọ Abẹ́òkúta dé Los Angeles kó tó mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà lòun! Ó padà wálé, ó kọ Jẹun K'óòkú, ìyẹn sì ni orin rẹ̀ tó kọ́kọ́ tà wìtìwìtì. Ó gbé dùùrù, fèrè, jìtá àti ìlù papọ̀, Tony Allen wà nídìí dúrọ́mù, orin kan lè lo ìṣẹ́jú ogún. Afrobeat ló pè é. Ní 1971, Ginger Baker, onílù rọ́ọ̀kì ará Ìlú Ọba, wa mọ́tò gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí Nàìjíríà, ó sì bá Fẹlá lùlù. Wọ́n ya fíìmù ìyẹn náà.

Ó ju Ransome nù, ó sọ ara rẹ̀ ní Aníkúlápó, ẹni tó fi ikú sápò. Ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Agége ló pè ní Kalakuta Republic, bí ẹni pé kì í ṣe ara Nàìjíríà. Ọlọ́pàá ń wá a síbẹ̀ ṣáá nítorí igbó. Ìtàn ọ̀kan nínú àwọn ìgbà náà wà tó pani lẹ́rìn-ín gan-an, ó sì fi ṣe àwo orin ní 1975, àmọ́ orúkọ àwo náà ò ṣe é kọ sára ògiri ilé ìwé.

Ó wá kọ Zombie, tó fi àwọn ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì, 1977, ṣọ́jà ya bo Kalakuta. Wọ́n ní wọ́n tó 1,000. Wọ́n lu Fẹlá, wọ́n hu ìwà burúkú sí àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, wọ́n sun ilé náà. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Ẹni ọdún 76 ni. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹrin, 1978. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ṣọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló dáná sun ilé náà. Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba nígbà náà, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiwọn. Nígbà tó ń gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, Fẹlá gbé pósí lọ sí Dodan Barracks nítorí ìyá rẹ̀. Màmá àgbà mi pa ẹnu mọ́ nígbà tí mo kà á fún wọn. Wọ́n kàn ń mi orí.

Ibi tí èmi ò ti bá Fẹlá lọ nìyí. Ní oṣù kejì 1978, ó fẹ́ obìnrin 27 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú fíìmù 1982 yẹn, a rí wọn, wọ́n kun ojú, wọ́n rẹwà, àmọ́ Fẹlá ló ń sọ̀rọ̀ ṣáá. Òun ló ń sọ ibi tó yẹ kí obìnrin wà, ibẹ̀ ò sì ga. Mo jókòó, mo ń ronú sí obìnrin tó kó 10,000 obìnrin lọ sí Aké. Ọmọ rẹ̀ mà nìyí! Mo fẹ́ kí ẹnì kan gbé máíkì sẹ́nu àwọn ìyàwó náà kó pẹ́ níbẹ̀.

Ní 1984 wọ́n mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, wọ́n ní ó gbé owó òkèèrè dání láìbófinmu. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, ó lo 20 oṣù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1986. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń rù díẹ̀díẹ̀. Kò lo oògùn òyìnbó. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ àrùn éèdì, ó ní àrùn òyìnbó ni. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, 1997, ẹni ọdún 58.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà Olíkóyè, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera, ló pe àwọn oníròyìn jọ, tó sì sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa á.

Ibí ni mo kọ ìtàn yìí dé tí bàbá mi fi bá ìwé náà lórí tábìlì. Wọ́n kà á lórí ìdúró. Mo ti ń múra fún ẹ̀gbà ọ̀rọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ní ohun tí mo kọ ò pé. Wọ́n ní àwọn wà ní Múṣin lọ́dún yẹn, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n sì wà láàárín èrò tó lọ wo òkú Fẹlá ní Tafawa Balewa Square. Èrò náà kọjá kíkà. Mo rí wọn nínú fíìmù 2014 láìmọ̀ pé bàbá mi lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn àti ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n jọ máa ń lọ sí Shrine. Ọ̀rẹ́ náà ti kú ṣáájú Fẹlá. Ó rù títí ó fi dà bí igi. Wọ́n ní ayé ló ṣe é, wọ́n mú un kiri ọ̀dọ̀ babaláwo àti àlùfáà, kò sí ẹni tó dárúkọ àrùn náà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bu omi fún un. Bàbá mi náà sá. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ohun tí Olíkóyè sọ ni wọ́n tó mọ ohun tó pa ọ̀rẹ́ wọn, àti pé omi tí àwọn kọ̀ láti bù fún un kò lè kó àrùn kankan ran àwọn.

Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kí n fi sí i, kí n má ṣáà dárúkọ.

A wo fíìmù 1982 náà tán lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn. Nígbà tí bándì gbé orin nínú Shrine, mo rí ẹsẹ̀ wọn tó ń jó nísàlẹ̀ àga. Wọn ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni nípa tọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kàn bi mí pé bọ́tìnì mélòó ló wà lára rẹ̀, mo ní mẹ́ta ni.