Àyìndé Bákàrè

Àyìndé Bákàrè (1912–1972) jẹ́ olórin jùjú, ọmọ bíbí ìlú Èkó ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Bánjò ukulele ni ohun èlò tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n mọ́. Òun náà ni a kà sí olórin jùjú àkọ́kọ́ tí ó lo gìtá tí a so mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Ìbẹ̀rẹ̀

A bí Bákàrè ní Lafíàjì, ní Erékùṣù Èkó. Ó ṣiṣẹ́ orin lábẹ́ Túndé King, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí olùdásílẹ̀ orin jùjú. Ẹgbẹ́ olórin jùjú ìgbà náà kò tóbi. Ẹnì kan a máa ta bánjò, a sì máa lé orin. Ẹlòmíràn a máa lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn a sì máa lu jùjú, ìlù pẹlẹbẹ olójú kan. Inú pálọ̀ àti ilé ẹmu ni wọ́n ti sábà máa ń ṣeré.

Bánjò ukulele

Bánjò olókùn mẹ́fà ni Túndé King ń ta. Bákàrè kò mú irú ti ọ̀gá rẹ̀. Bánjò ukulele, tí ó kéré tí ó sì ní okùn mẹ́rin péré, ni ó yàn. Ọrùn ohun èlò yìí dà bí ti ukulele, ṣùgbọ́n dípò àpótí igi, awọ ni a fà le sí ojú rẹ̀ bí ti ìlù. Awọ náà ni ó ń jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ta sókè ju ti ukulele onígi lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé ohùn náà kì í pẹ́ nílẹ̀, kò sì ní ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti gìtá. Ní ọdún 1937, Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice.

Ìyípadà sí gìtá

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Akanbi Wright mú gángan wọ inú orin jùjú. Gángan bu ẹwà èdè Yorùbá kún orin náà, ṣùgbọ́n bí ìlù ti ń pọ̀ sí i ni ó ń ṣòro láti gbọ́ ohun èlò olókùn àti ohùn akọrin. Bí olórí ẹgbẹ́ bá ń kọrin tí a kò gbọ́ ọ, oríkì tí ó ń kì fún olówó àríyá di asán. Ní ọdún 1949, Bákàrè fi bánjò ukulele sílẹ̀. Ó mú gìtá onígi, ó so máíkì kékeré mọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlù lè pọ̀ láì bo gìtá mọ́lẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn àti ipa rẹ̀

Ilé-iṣẹ́ Melodisc ti Lọ́ńdọ̀nù náà gbé àwọn orin rẹ̀ jáde. Bákàrè kú ní Èkó ní ọdún 1972, nígbà tí ó lọ ṣeré níbi ìgbéyàwó kan. Bí ikú náà ṣe ṣẹlẹ̀ rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Gìtá alágbóhùnsókè tí ó kọ́kọ́ lò ni ó wá di òpó orin jùjú lọ́wọ́ àwọn olórin bíi Ebenezer Obey àti King Sunny Adé.