Frederick Banting

Frederick Grant Banting (14 Oṣù Kọkànlá 1891 – 21 Oṣù Kejì 1941) jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà. Òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣàwárí ínsúlínì, oògùn tí ó sọ àtọ̀gbẹ di àìsàn tí ènìyàn lè bá gbé. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í pẹ́ láyé; ohun tí àwọn oníṣègùn lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù, títí yóò fi rù kan eegun.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

A bí Banting sí oko kan nítòsí Alliston ní ìpínlẹ̀ Ontario. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Toronto, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ó di oníṣègùn ológun, ó sì fara gbọgbẹ́ nítòsí Cambrai ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1918. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Military Cross dá a lọ́lá nítorí ìgboyà rẹ̀. Ní ọdún 1920, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú London ní Ontario, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn tí ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì fi iṣẹ́ olùkọ́ kún un.

Ìṣàwárí ínsúlínì

Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé pánkíríásì, ẹ̀yà ara tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, ń pèsè ohun kan tí ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tíì rí i yọ jáde lọ́nà tí yóò fi wúlò fún aláìsàn. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá 1920, Banting ka àpilẹ̀kọ kan nípa pánkíríásì, ó sì kọ èrò kan sílẹ̀ ní òru. Ó rò pé àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń mú oúnjẹ dà ni ó ń ba ohun náà jẹ́. Bí a bá fi òwú so ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde nínú ara ajá, apá tí ń pèsè wọn yóò rọ, ohun tí a ń wá yóò sì kù.

Ó gbé èrò náà tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. R. Macleod lọ ní Toronto. Macleod fún un ní yàrá ìwádìí, àwọn ajá, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Karùn-ún 1921. Nígbà tí ó yá, ó hàn pé síso ọ̀nà náà kò pọn dandan: álíkọ́ọ̀lù lè yọ ínsúlínì láti inú pánkíríásì màlúù. James Collip ni ó wá yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò.

Ní 11 Oṣù Kìíní 1922, wọ́n gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Kò ṣe é láǹfààní tó, nítorí oògùn náà kò mọ́. Ní 23 oṣù náà, wọ́n lo èyí tí Collip pèsè, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì wálẹ̀. Ó wà láàyè títí di ọdún 1935.

Ẹ̀bùn Nobel

Ní ọdún 1923, Banting àti Macleod gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ Ìṣègùn. Inú bí Banting pé wọ́n yọ Best sílẹ̀, ó sì pín owó tirẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Macleod pín tirẹ̀ pẹ̀lú Collip. Banting, Best àti Collip ta ẹ̀tọ́ ìṣàwárí náà fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ di ohun ìní ara rẹ̀.

Ínsúlínì kò wo àtọ̀gbẹ sàn pátápátá. Ẹ́ńsáìmù inú ara máa ń fọ́ ọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ni aláìsàn ṣe ní láti máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́.

Ikú

Ní Oṣù Kejì 1941, ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbé Banting lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ ogun já lulẹ̀ nítòsí Musgrave Harbour ní Newfoundland, ó sì kú nítorí ọgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n sin ín sí Toronto. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, 14 Oṣù Kọkànlá, ni a ń ṣe Ọjọ́ Àtọ̀gbẹ Àgbáyé.