Alfred Büchi, Ẹni Tó Fi Èéfín Ṣiṣẹ́

Bí lọ́rì oníṣu bá ti ń gun òkè láàrin Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, Alfred Büchi ni mo máa ń rántí. Winterthur ní Switzerland ni wọ́n ti bí i ní 1879, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló sì kọ́ ní Zurich. Ohun tó ń dùn ún ni agbára tó ń bá èéfín ẹ́ńjìnnì lọ lásán. Ní 1905, ó kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan: kí èéfín yí fáànù kan, kí ìyẹn yí èkejì tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè nìyẹn. Ó tó ogún ọdún kó tó ṣe é yọrí. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Jámánì méjì kúrò ní agbára ẹṣin 1,750, ó di 2,500.

Ẹ kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ ni Büchi kọ́kọ́ wá, kì í ṣe epo. Mẹkáníìkì tó tún lọ́rì àtijọ́ bàbá mi ṣe kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ó kàn tú pọ́ǹpù, ó fi kún epo. Kò wo tọ́bò, kò wọn ooru. Èéfín dúdú ló kọ́kọ́ ń yọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, písítìnì yọ́. Owó ilé-ìwé mi wà nínú owó tí wọ́n fi tún un ṣe.

Büchi kú ní 1959.